Ojú-Ewé Kan fún Èèyàn Méjì ní Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n ra ọ̀dùnkún òyìnbó bọ̀, ó wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ wá mú tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wá sọ bí Jọ́ọ̀sì ti rí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tiyín kò ṣeé dì sínú àpò. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ kiri Ògbómọ̀ṣọ́, pé Àbẹ̀kẹ́ lọ jayé lórí òkè, ó lọ jẹ atẹ́gùn tútù. Atẹ́gùn ni mo jẹ lóòótọ́. Kò kàn sí ẹni tí a jọ jẹ ẹ́ ni.

Iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti títún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Tina Junction ní ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹni tó kọ ọ́ fún wọn ti ré kọjá òkun, kì í sì í gbé fóònù mọ́. Wọ́n ní irú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti lọ wà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn nínú ètò náà, kí n wá wò ó, bóyá ètò ló ṣe é ni tàbí èèyàn.

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dà yín láàmú. A dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ni òtútù wọlé, kí èmi tó jáde. Ọyẹ́ tí à ń kùn sí nílé níbí, eré ọmọdé ni. Ti ibẹ̀ máa ń wọ inú bàtà, á sì jókòó síbẹ̀. Mo wọ gbogbo aṣọ tí mo mú dání léra wọn, mo wá dúró létí títì bí ẹrù tí wọn kò tíì wá gbà.

Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Sannu da zuwa. Ya hanya? Ya sanyi?” Ó kí mi káàbọ̀, ó bi mí bí ọ̀nà ti rí, ó tún bi mí bí òtútù ti rí. Ẹ gbọ́ o, wọ́n ń béèrè àlàáfíà òtútù lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀ bí ẹni ń béèrè ìyàwó ilé. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní orúkọ. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó dúró. Mo rí i pé ó ń retí orúkọ kejì, mo sọ orúkọ bàbá mi fún un, ó ṣì ń dúró. Kò pẹ́ tó fi yé mi. Ní Jọ́ọ̀sì, orúkọ èèyàn ló ń sọ ibi tó máa sùn sí, torí àdúgbò oníkálukú ti yàtọ̀ láti ìgbà tí ìjà ti da ìlú rú. Orúkọ tèmi kò sì sọ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo ní Àpáta, àdúgbò àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ni wọ́n ti gbà mí lálejò, ó ní, “To, madalla,” pé ó dáa, ó gbé mi lọ, ó sì bá mi sọ ẹrù kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò fi ìwọ̀sí lọ̀ mí rárá. Àmọ́ ọmọ ilé tí ìyá àgbà ti ń kírun ní pálọ̀, tí bàbá ń kọrin ìsìn ní yàrá, ni mí. Ìbéèrè yẹn tutù sí mi lára ju afẹ́fẹ́ lọ.

Yàrá àlejò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n fi mí sí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, gíláàsì omi kan, fèrèsé tó kọjú sí òkúta ńlá. Olùtọ́jú ilé náà kí mi títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo pe ilé. Ẹ ò ráyè, ẹ ní ẹ máa pè mí padà. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Ní ìlú òtútù ni ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi.

Ẹni tó ní òun ti yó

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, ọmọ ilẹ̀ Plateau ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó mú mi yíká, ó fi kọ̀ǹpútà méjèèjì hàn mí: ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀, ọ̀kan lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló kí mi. Wọ́n kí mi pẹ́, wọ́n kí mi dáadáa, ìkíni sì parí, oníkálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè pé níbo ni mo ti wá.

Ní ọ̀sán, àwọn obìnrin tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n gbé tìréè ńlá kan kalẹ̀, gbogbo wọn yí i ká. Tuwo áchà ni, ọkà wọn kan tó wẹ́ bí iyanrìn, pẹ̀lú ọbẹ̀ elégédé. Ọ̀kan nínú wọn ké sí mi pé kí n wá jẹun, “Madam, bismillah!” Ebi ń pa mí kú lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ ṣeun, mo ti yó.” Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwa: ẹ tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀. Wọn kò tún un bẹ̀ o. Wọ́n ní, “To,” wọ́n jẹun wọn. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé, mò ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, òun nìkan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹun nínú abọ́ kékeré tirẹ̀.

“Ọmọ wa, sannu,” ló wí. “Níbí o, ẹni tó bá ní òun ti yó, wọ́n á gbà á gbọ́. Kai, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ, àbí? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.”

Bí mo ṣe mọ Mama Ládì nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì láyé àwọn òyìnbó tó ń wa tánganran, wọn kò sì padà. Olúfúnkẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i, àwọn aládùúgbò tó ń sọ Hausa sì ń pè é ní Ládì títí orúkọ yẹn fi borí èkejì. Òun ló ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Tósìn, jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó sì wà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn tó ń jẹun. Mo wo ìyá lórí bẹ́ǹṣì, mo wo ọmọ lórí ẹní.

Dókítà ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí aboyún kan lára. Ẹ̀jẹ̀ O ni obìnrin náà ní, A ni ètò sọ. Àwọn ará yàrá àyẹ̀wò ló rí i kí ẹ̀jẹ̀ náà tó wọ ara rẹ̀. Ètò sì sọ pé Ládì ló kọ A yẹn sílẹ̀. Dókítà ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síta, ó sì sọ ọ́ lójú wọn. Ládì ní A tí òun kọ, ti obìnrin mìíràn ni, òun kò fọwọ́ kan orúkọ aboyún yẹn rárá. Wọn kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá wọn jókòó lórí ẹní mọ́.

“Madam,” Dókítà sọ fún mi, “tí ẹ bá wò ó tán, tí ètò bá pé, Mama gbọ́dọ̀ lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, òkú la máa gbé.”

Ẹnu mi ni iṣẹ́ obìnrin yìí wá rọ̀ mọ́ báyìí, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn “Ya sanyi.”

Èmi nìkan

Wọn kò fẹ́ kí n máa dán nǹkan wò níbi tí aláìsàn wà, mo bá ṣe ẹ̀dà ètò náà sórí kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e lọ sí yàrá àlejò. Mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo ń ṣe bí ẹni ń gba aláìsàn sílẹ̀. Màá ṣí ojú-ewé ẹnì kan, màá yan irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, màá tẹ bọ́tìnnì tó ń fi í pamọ́. Ó tọ̀nà. Màá ṣí ti ẹlòmíràn. Ó tún tọ̀nà. Mo ṣe é yára, mo ṣe é pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bí ọ̀mùtí. Kò yẹsẹ̀.

Java ni wọ́n fi kọ ètò náà, lórí férémù kan tó ti pẹ́, ìyẹn egungun ilé tí akọ̀wé ètò máa ń bá nílẹ̀ kó tó mọ ògiri tirẹ̀ lé e. N kò bá irú férémù náà ṣiṣẹ́ rí. Mo ka ohun tí ọkùnrin yẹn kọ láti òkè délẹ̀. Mo rí i pé ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ ní ibì kan lára rẹ̀ tó ń di aláìsàn tí wọ́n bá ṣí mú, títí wọn á fi tẹ bọ́tìnnì. Mo rí i, mo kọjá lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọjọ́ ń lọ. Màá ṣiṣẹ́, màá wo òkúta, màá jáde lọ ra ọ̀dùnkún díndín àti ata gígún létí títì, ìyá tó ń tà á á bi mí bí òtútù ti rí, màá ní ó wà dáadáa, ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi lóòjọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí mò ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàṣìṣe. Mo sunkún díẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó dà bíi pé mo ti kú, tí ìròyìn rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé mo ti ń gba Dókítà gbọ́. Ètò náà pé. Ohun tí màá sọ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn.

Oúnjẹ ọjọ́ Àìkú

Mo lọ sí ìsìn Yorùbá ní Àpáta. Orin wa ni wọ́n kọ, ìwé wa ni wọ́n kà, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn mi sì ń fi Hausa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí. Wọ́n ní kí àlejò dìde. Mo dìde, èmi nìkan. Wọ́n kọrin fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo jókòó. Nígbà tí ìsìn parí, oníkálukú mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi pé mò ń retí ẹnì kan.

Mama Ládì di ọwọ́ mi mú. “Ta lò ń dúró dè?”

“Kò sẹ́nì kankan, Mama.”

“To. Kò sẹ́ni tó ń dúró de èmi náà. Tósìn wà lẹ́nu iṣẹ́. Zo mu tafi, jẹ́ ká máa lọ jẹun.”

Gwáté ló sè, áchà tí wọ́n fi ewé yákúwà sè pọ̀, ewé kan tó kan díẹ̀ bí ìṣápá wa. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti yó. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ.

“Ọmọ mi nínú ilé yìí,” ó ní, “ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń fọ abọ́, kò bú mi rí. Ó kàn ní, ‘Mama, ẹ sáà lọ bẹ Dókítà.’ Kí n bẹ̀ ẹ́ nítorí kí ni? Haba!”

Mo mọ ohun tí mò ń lọ sọ lọ́la, mo sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ó nu ọwọ́. “Gbé nǹkan náà wá. Jẹ́ kí n rí ohun tó fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

Kọ̀ǹpútà mi wà nínú àpò, n kì í fi í sílẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní kí èmi náà ṣe, òun kò fẹ́ kí n jókòó máa wo òun bí ọlọ́pàá. Mo bá ṣí ètò náà lórí fóònù mi, torí fóònù náà lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́kàn mi ju pé kí n bá a kẹ́gbẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ṣeré. Ó dá aláìsàn kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Ìyá Gwáté. Èmi dá tèmi, Bàbá Òtútù. Ó ṣí Ìyá Gwáté, ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀. Bó ṣe ń wá a, èmi ṣí Bàbá Òtútù lórí fóònù. Ó rí gíláàsì, ó yan A, ó tẹ bọ́tìnnì.

“Àbí o ò rí i? Ìyá Gwáté, A. Kí ló ṣòro níbẹ̀?”

Mo wo fóònù ọwọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ A ti lọ jókòó sábẹ́ orúkọ Bàbá Òtútù. Mo wo kọ̀ǹpútà, mo wá Ìyá Gwáté. Kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan.

“Mama,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.”

A tún un ṣe. Ó tún ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà fún yín, kò le. Kíkọ́ ojú-ewé kan nira fún férémù yẹn, nítorí náà kì í kọ́ tuntun fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kọ́, ó ń yá oníkálukú lò, ó ń gbà á padà, ó ń gbé e fún ẹni tó kàn, bí olóúnjẹ ṣe ń ṣe abọ́. Olóúnjẹ gidi máa ń fọ abọ́. Férémù náà yóò fọ̀ ọ́ fún ọ bí o bá sọ fún un, yóò sì bá ọ tọ́jú tìrẹ sí àyè tó jẹ́ tìrẹ nìkan. Ọkùnrin yẹn kò sọ fún un. Ó kàn fi aláìsàn náà sára ojú-ewé, ó rò pé ó máa dúró de ẹni tó fi í síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wọlé láàárín ìgbà tí o ṣí i àti ìgbà tí o tẹ bọ́tìnnì, aláìsàn tirẹ̀ ni bọ́tìnnì rẹ máa bá níbẹ̀, ohun tí o kọ á sì lọ sábẹ́ orúkọ aláìsàn náà. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan abọ́ rẹ. Láé, o ò ní rí àṣìṣe kankan. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Mo ti jókòó nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì títí, èmi nìkan, mò ń wá ohun tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè rí.

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ashe,” ó wí. “Ashe, mi ò ya wèrè.”

Ìta

Ní Mọ́ńdè, kí aláìsàn tó dé, mo mú Dókítà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, èmi sídìí èkejì, mo fi hàn án. Lẹ́yìn náà a wo ẹni tó ń lo ètò lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀ràn aboyún yẹn ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ A yẹn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ti wò tẹ́lẹ̀, wọn kò wo ẹni tó ṣí aboyún náà. Tósìn ni, lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ṣí orúkọ aboyún náà bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, láàárín ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń yan A fún obìnrin mìíràn. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò tọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Mo yọ aláìsàn kúrò lára ojú-ewé, mo fi í sí àyè tí ètò ń tọ́jú fún oníkálukú láti ìgbà tó bá wọlé títí tó fi jáde. Iṣẹ́ náà kò gbà mí lákòókò. Wíwá a ló gbà mí ní gbogbo ohun tí mo ní.

Dókítà pe Mama Ládì sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, lóòótọ́ ló bẹ̀ ẹ́. Mama tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi parí.

“Mo gbọ́, Dókítà,” ó ní. “Àmọ́ ìta lẹ ti sọ ọ́.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde síta, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pé jọ fún àdúrà àárọ̀. Dókítà sọ gbogbo rẹ̀ ní Hausa, kò fi ti Tósìn pamọ́, kò sì fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi kún un. Mo ti ní kó kọ́ mi. Mo ní, “Ba laifin Ladi ba ne. Na'ura ce ta yi kuskure.” Kì í ṣe ẹ̀bi Ládì, ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Àwọn kan fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín, n kò bínú sí i. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, “Sannu, Mama Ladi. Sannu.” Ó ń dá wọn lóhùn.

Tósìn bọ́ síwájú. Ó la àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì nínú aṣọ funfun rẹ̀.

“Mama, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀.”

“Ta ló bínú? Èmi náà ò mọ̀.” Ohùn Mama balẹ̀. “Ṣùgbọ́n o ò bi mí. Dókítà ò bi mí, ó dáa, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Ìwọ ńkọ́? Ilé kan là ń sùn. O ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀. O ò bi mí rí pé ṣé èmi ni.”

Mo wo ilẹ̀, torí kì í ṣe ẹbí mi, n kò sì rí ibòmíràn tí mo lè lọ dúró sí.

Tósìn gbójú sókè. Gbogbo wa la ti mọ ìdáhùn, òun gan-an mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Síbẹ̀ ó bi í.

“Mama, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?”

Mama Ládì gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Rárá o, ọmọ mi. Èmi kọ́.”